Ẹ Má Fi Ìsàlẹ̀ Ṣọ́ọ̀bù Orí Ayélujára Yín Ṣeré

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta àdìrẹ, òrí tàbí bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń náwó gidi sí òkè ojú-ewé ṣọ́ọ̀bù wọn: àwòrán tó ń dán, ẹ̀dínwó tó ń ṣẹ́jú. Ìsàlẹ̀ pátápátá, tí àwọn tó ń kọ́ wẹ́bùsáìtì ń pè ní fútà, wọ́n á fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ọjà wù ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ló ń lọ, kó lè mọ ẹni tó fẹ́ gbowó òun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọjà Gbági tàbí ọjà Balógun, a rí ojú ọlọ́jà, a mọ ìsọ̀ rẹ̀, a sì mọ ibi tí a ó padà sí bí aṣọ bá ń ṣí. Orí fóònù kò ní ojú, gbájúẹ̀ náà sì lè lo àwòrán tó dára. Ó tilẹ̀ lè jí tiyín lò. Nígbà tí Jumia àti Konga, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá orí ayélujára, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, wọ́n gbà kí oníbàárà sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, torí ìfura pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó ṣáájú ńkọ́?

Ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi forúkọ òwò yín sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún yín. Ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì tòótọ́. Bó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń tà, kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹ dárúkọ ìlú tí ẹrù ti ń gbéra. Fún àwọn ọmọ wa tó ní kọ́ńpìnnì ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ni: orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ hàn lórí wẹ́bùsáìtì. Nọ́ńbà fóònù kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àwòrán. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kó máa pè.

Ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà ló ń bí oníṣòwò nínú jù, mo mọ̀. Síbẹ̀, “A kì í dá owó padà” tí àwọn kan ń kọ gàdàgbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà ti ọdún 2018 fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, àkọlé kankan kò sì lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ iye ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò san owó ọlọ́kadà tó ń gbé e padà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 náà ní kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ ń fi orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn ṣe. Ẹ má kàn da ti ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kan kọ síbẹ̀. Mo ti rí ibi tí orúkọ onítọ̀hún ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo àwọ̀ ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú: lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà kò ṣeé kà. Ìlànà W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́bùsáìtì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1.

Èyí tó burú jù ni ọjà tó ń jáde láìdáwọ́dúró. Oníbàárà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀, òmíràn á tún já lulẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì sá fún un. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín fi bọ́tìnì síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rí sí i fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ òní, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn ṣí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá gbé yín dé ibì kankan, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tó sanwó ìpolówó mìíràn.