Láptọ́ọ̀pù Tí Ẹ Gbà Kò Ti Ilẹ̀kùn: Sí Ẹ̀yin Tó Ń Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ènìyàn

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa, pé bí ènìyàn bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìbínú rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bẹ̀rù. Nítorí náà wọn kì í jẹ́ kó fura. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń pè é wọ yàrá mánéjà. Wọ́n á gba láptọ́ọ̀pù àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á sì sìn ín dé géètì bí ẹni tó jalè, lójú àwọn tó bá a jẹun lánàá. Bí géètì bá ti padé, ọ̀gá á mí kanlẹ̀, á ní ewu ti kọjá.

Mo takò ó pátápátá. Ohun tó ń ṣe ilé-iṣẹ́ ní jàǹbá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá lọ kì í ṣe ìbínú ẹni tó lọ. Àìmọ̀ ẹni tó kù nílé ni: kò mọ iye ilẹ̀kùn tí ilé òun ní, kò sì mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Níbo ni iṣẹ́ wà lónìí? Ó wà nínú ímeèlì tó ṣì ń wọlé sórí fóònù ẹni tí ẹ lé nílé rẹ̀. Ó wà nínú Google Drive tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, àti lórí ojú ìwé Facebook ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ó wà nínú páásíwọ̀ọ̀dù kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka ìṣirò owó mọ̀ sórí, tí ẹnikẹ́ni kò yí padà rí. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹ̀ṣọ́ fẹ́ gbà ní géètì?

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí, ẹ wo Cisco, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Wọn kò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó wọ inú àwọn ẹ̀rọ Cisco tó wà lọ́dọ̀ Amazon, ó sì pa virtual machine 456, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà ṣe, rẹ́. Àkáǹtì WebEx Teams, ohun èlò ìpàdé orí ayélujára ti Cisco, tó lé ní 16,000 dákú, àwọn mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 dọ́là ni Cisco ná lórí àtúnṣe, ó sì tún dá owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là padà fún àwọn oníbàárà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 24 ni ilé ẹjọ́ sọ ọkùnrin náà sí. Ẹni tó bá gbà pé kìkì ẹni tí wọ́n lé ló yẹ ká ṣọ́, kí ló fẹ́ wí sí èyí? Oṣù márùn-ún ti kọjá, ọ̀nà ṣì wà fún un láti wọlé.

Àwọn kan á sọ pé ìbínú máa ń ṣọṣẹ́ lóòótọ́, wọn á sì mẹ́nu ba Fannie Mae, ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó ilé ní Amẹ́ríkà. Mo gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2008, wọ́n sọ fún oníṣẹ́ àdéhùn kan níbẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, wọ́n sì ní kó dá láptọ́ọ̀pù àti gbogbo ohun èlò padà. Láàárín wákàtí mélòó kan tó kù, ó fi kóòdù kan pamọ́ sínú ẹ̀rọ wọn. Kóòdù náà ì bá nu server bíi 4,000 mọ́ féfé ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2009, bí kì í bá ṣe pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan rí i. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ní kó dá láptọ́ọ̀pù padà, àmọ́ wọn kò gba àṣẹ tó ní lórí server lójú ẹsẹ̀. Ìbínú ló gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé.

Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ rárá. Àwọn olè tó wọ ẹ̀rọ Colonial Pipeline, ilé-iṣẹ́ ọ̀pá epo ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021 gba inú àkáǹtì VPN (ọ̀nà ìwọlé láti òkèèrè) àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì pa. Ilé-iṣẹ́ náà san nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún wọn, epo sì wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, mo máa ń gbọ́ kí ọ̀gá sọ pé òfin ti gbà á sílẹ̀. Lóòótọ́, abala 31 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 pa á láṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ tó ń lọ fi gbogbo kóòdù àti ẹ̀tọ́ ìwọlé sílẹ̀ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ohun tó mọ̀ sórí padà? Ẹni tí ẹ̀rọ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nìkan ló lè yí páásíwọ̀ọ̀dù padà. Bí ìròyìn àwọn oníbàárà bá sì jò, òfin ààbò ìròyìn ti ọdún 2023 kò ní bi ẹ̀ṣọ́ géètì. Ilé-iṣẹ́ ló máa bi.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ẹni tí ẹ ń tì síta bí olè yẹn gan-an ló mọ gbogbo ilẹ̀kùn. Òun ló mọ ìkànnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń dá ṣe ara rẹ̀ lóru lórí server. Ní San Francisco lọ́dún 2008, ẹnì kan ṣoṣo ni páásíwọ̀ọ̀dù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì FiberWAN ti ìjọba ìlú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ dàrú, ó kọ̀ láti fún wọn. Wọ́n tì í mọ́lé, kò sọ ọ́. Àfìgbà tí méyọ̀ ìlú, Gavin Newsom, fúnra rẹ̀ lọ bá a ní àtìmọ́lé kó tó gbé e kalẹ̀. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un, n kò sì gbèjà rẹ̀. Mo kàn ń béèrè ẹni tó jẹ́ kí gbogbo ìlú gbára lé orí ẹnì kan fún ọdún púpọ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àkáǹtì sílẹ̀ nígbà tí àárín yín ṣì dán. Kí kálukú ní tirẹ̀, kí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wà lórí ohun tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹnì kan máa fi ẹnu bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹlòmíràn máa pa àwọn àkáǹtì náà ní wákàtí kan náà. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tó fẹ̀yìn tì tijótayọ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí owó bá sọnù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ ti lọ, tó sì jẹ́ páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ̀yin náà mọ̀ ni wọ́n fi wọlé, ilé ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ dé? Kí ẹ tó jáde, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n pa àkáǹtì yín sínú ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ímeèlì tiyín béèrè rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.