Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Kí ló yẹ kí a fi fọ súìṣì mítà?

Ẹlẹ́rìí ni mítà jẹ́ fún oníṣẹ́ iná mànàmáná. Ohun tó bá wí ni ọ̀gá ń gbà gbọ́. Bó bá ní kò sí iná lára wáyà, ọ̀gá yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí náà bá wá di elékèé, tó ní iná kò sí níbi tí iná 230 fóltì wà, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó ṣe mítà ọ̀hún ju pé súìṣì tí wọ́n ń yí kiri lójú rẹ̀ ti dọ̀tí. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kan ara wọn. Bí eruku, ọ̀rá àti ọ̀rinrin bá bo ojú wọn, iná kò ní í ráyè kọjá dáadáa. Nọ́ńbà yóò máa jó sókè sódò, tàbí kí mítà fi òdo hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe súìṣì oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì.

Fífọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ń fọ ìdọ̀tí ló yẹ súìṣì. Bẹntiróòlù ni àwọn kan ń sáré bù. Oru rẹ̀ ń gbiná kódà nínú òtútù. Bí iná bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú súìṣì, ṣọ́ọ̀bù lè jó. Èròjà benzene tó wà nínú rẹ̀ sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Tínà ní tirẹ̀ ń yọ́ ike. Abájọ tí àwọn ìwé atọ́nà Tektronix, àwọn tó ń ṣe oscilloscope ní Amẹ́ríkà, fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi benzene, toluene, xylene tàbí acetone kan ike ẹ̀rọ wọn. Ọ̀pọ̀ tínà ló sì ní toluene tàbí acetone nínú.

Sáńpépà kò sàn jù wọ́n lọ. Wúrà tàbí fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú irin mìíràn. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, kò sí àtúnṣe mọ́. Epo tí wọ́n ń fín sí nọ́ọ̀tì tó ti le ń fi ọ̀rá sílẹ̀, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí carbon tetrachloride nínú ìwé àtijọ́, kó ṣí ojú ewé náà kọjá: ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, láti ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà sì ti fòfin dè é nínú ọjà ìlò ilé.

Èyí tó dára ni isopropyl alcohol tó mọ́ tó ìdá 99 nínú 100. Omi ti pọ̀ jù nínú ti 70. Bó bá jẹ́ oògùn súìṣì inú agolo ni wọ́n rà, kí wọ́n rí i lára agolo pé kì í pa ike lára, kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀ bó bá gbẹ. Kí wọ́n yọ wáyà àti bátìrì mítà, kí wọ́n kán ọtí náà díẹ̀ sí súìṣì, kí wọ́n yí i lọ yí i bọ̀ nígbà 20, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, torí pé òun náà ń gbiná. Ti oscilloscope gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi mítà wọn bátìrì tuntun 1.5 fóltì wò. Bó bá fi nọ́ńbà tó yẹ hàn, kí wọ́n tún gbé e lé ibi tí wọ́n mọ̀ pé iná wà, kí wọ́n tó wọn wáyà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì padà síbi tí iná wà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́rìí tó bá sọ òtítọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn ni kí oníṣẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́.