Èmi Kò Sá o, Iṣẹ́ Ni Mò Ń Lọ

Ẹ̀yin ará wa ní Warri àti Effurun, láti bí oṣù mélòó kan ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń gbẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ pé kí ẹ dá owó jọ fún mi, pé ó jọ bí ẹni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò bọ́. Mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ti rí. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú wa ní ọdún 2011, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gba ipò rẹ̀, a sì ń wọ̀ ọ́ láìráhùn. Ó wá di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo tí kò tó ₦200 lítà kan ní ilé epo ìjọba ti kọjá ₦480. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ náà ní ìyàwó àti ọmọ, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ṣírò àlọ àti àbọ̀ mi, láti inú Jakpa lọ́hùn-ún dé Enerhen Junction, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mo rí i pé owó ilé ìwé àbígbẹ̀yìn mi ni mò ń gbé lé ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn, wákàtí kan gbáko ni. Bí mo bá ń sáré díẹ̀, tí mo sì ń rìn díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 35 ni.

Ní ọjọ́ Ajé kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo wọ bàtà kańfáàsì, mo ká ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò iṣẹ́ sínú ọ̀rá, mo kì í bọ àpò ìwé ọmọ mi, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìyá kan wà ní ìkòríta wa, ọmọ Ọ̀fà, tó ń din àkàrà. Bó ti gbójú sókè tó rí ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ láti inú òkùnkùn, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo tó ń hó, ó gbá ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó di inú ọgbà. Ọmọkùnrin tó fẹ́ ra àkàrà tẹ̀lé e. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tó ń bọ̀ níwájú yí orí kẹ̀kẹ́ padà. Èmi alára bojú wẹ̀yìn, mo rò pé nǹkan kan ń lé wa bọ̀ ni, mo tún fi kún eré mi!

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní Warri ní 1997, ní 1999 àti ní 2003, tí ìjà ìlú dé, tí ilé ń jó, kò ní rẹ́rìn-ín. A máa ń sọ pé ènìyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ní ọdún wọ̀nyẹn, bí o bá rí ẹni tó ń sáré ní òpópónà, o kò ní dúró bi í léèrè ọ̀nà. Ọmọ ni wà á gbé. Ó di ibi ààbò kí o tó béèrè.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo sì gbé owó àkàrà tó jóná fún un. Kò gbà á. Ó ní ní 2003 òun rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré bẹ́ẹ̀, òun kò béèrè, òun gbọ́mọ òun tẹ̀ lé e. Nígbà tí òun padà, ṣọ́ọ̀bù òun ti di eérú. Ọmọ tó gbé lọ́jọ́ náà ló bí èyí tó gbá mọ́ra lójú mi. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

A wá jọ ṣe àdéhùn. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ìkòríta, mo ní láti dẹ eré, kí n máa rìn, kí n sì kígbe kí i láti òkèèrè. Òun yóò béèrè pé, “Iṣẹ́ ni àbí?” Èmi yóò dáhùn pé, “Iṣẹ́ ni, Mà.” Bí mo bá kọjá ìkòríta tán ni mo tó lè máa sáré. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é láti ìgbà náà, ó sì ti ràn dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti oníbúrẹ́dì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní wèrè níí sáré lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ ìtàn Haile Gebrselassie, ọmọ Ethiopia, fún un. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kìlómítà mẹ́wàá ló ń sá lọ sílé ìwé, mẹ́wàá náà ló ń sá bọ̀, ìwé rẹ̀ lábíyá. Ó gba góòlù eré 10,000 mítà ní Òlíḿpíìkì 1996 àti 2000, apá òsì rẹ̀ kì í sì í nà tán bó bá ń sáré nígbà náà, bí ẹni pé ìwé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé góòlù ni wọn yóò fún èmi ní Enerhen. Mo ní rárá, rìsíìtì owó ilé ìwé ni.

Ìyàwó mi náà kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ó ní àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yóò ní òun kò tọ́jú mi. Rìsíìtì yẹn ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ẹ máa rìn ju bí ẹ ti ń sáré lọ ní oṣù kìíní, orúnkún kì í gbàgbé. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ sì wọ aṣọ funfun bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá bo gọ́tà, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ jàre; omi Warri kì í fi ihò han ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Àlọ mi nìkan ti wọ inú rẹ̀. Ní ti òógùn, mo bẹ ọlọ́dẹ ibi iṣẹ́ wa, ó fún mi ní àyè ẹ̀yìn ilé àti kẹ́tùlù omi kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun gbé mi lọ. Mo dé ìkòríta, mo ń rọra rìn bí àdéhùn wa ti wí, mo ti la ẹnu láti kí ìyá náà. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́. Ó na ṣíbí àkàrà sí mi: “Bàbá, ẹ sáré o, ẹ ti pẹ́!”