Nígbà tí owó akọ̀wé bá ju owó orí lọ

Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí ọdún 1968 àti 1969 ní Ìwọ̀ Oòrùn kò ní gbàgbé ogun Àgbẹ́kọ̀yà. Kì í ṣe iye owó orí nìkan ló mú àwọn àgbẹ̀ gbé ìbọn nígbà náà. Ìyà tí àwọn tó ń gba owó náà fi ń jẹ wọ́n wà lára rẹ̀, pàápàá owó mìíràn tí wọ́n ń gbà sápò ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ti ìjọba tán. Nígbẹ̀yìn, ìjọba gbọ́ ẹkún wọn, wọ́n dín owó orí kù.

Akódà kì í lé àgbẹ̀ wọ igbó mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n owó mìíràn yẹn kò tíì lọ. Aṣọ ló pààrọ̀. Ẹni tó ń gbà á báyìí wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní kọ̀ǹpútà, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú. Òun ni yóò bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù owó orí, iye tó bá sì wù ú ni yóò dá lé e.

Ọ̀rọ̀ náà wá gbóná sí i nítorí òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọdún 2026. Ohun tó dára jù níbẹ̀ fún mẹ̀kúnnù ni pé wọn kò ní mú kọ́bọ̀ nínú N800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn láàrin ọdún kan. N2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e ni wọn yóò ti mú náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá kọjá N50 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé tún lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, bí kò bá ti ju N500,000 lọ, kí wọ́n tó ṣírò.

Ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn. Ká ní èrè rẹ̀ lọ́dún, lẹ́yìn tó ti yọ owó òwú, owó ahunṣọ àti owó ọkọ̀ kúrò, jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ó sì san N150,000 fún ilé tó ń gbé. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé yẹn jẹ́ N30,000. Yọ ọ́ kúrò, ó ku N970,000. Yọ N800,000 tí ìjọba kò fọwọ́ kàn, ó ku N170,000. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ N25,500. Gbogbo owó orí rẹ̀ fún ọdún kan gbáko nìyẹn, ìṣirò tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ìwé girama lè fi bírò ṣe sẹ́yìn ìwé. Bí ẹni tó bá a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bá wá gba N30,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló gba owó orí níbẹ̀?

Ti aláta tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èrè tirẹ̀ bá jẹ́ N700,000, kò jẹ ìjọba ní gbèsè kankan. Iyekíye tí aṣojú bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, owó orí tí òfin kò bù fún un ló san.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń san án? Ẹ̀rù ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye tó wọlé fún un, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Òfin 2025 tó ń darí gbígba owó orí fi ìtanràn N100,000 lélẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́ tí èèyàn bá kùnà, àti N50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Èèyàn tó gbọ́ iye yẹn, tí kò sì mọ ìwé kà dáadáa, kò ní bá aṣojú dúnàádúrà.

Ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta tún wà níbẹ̀. Òfin àtijọ́, tí wọ́n lò títí 2025 fi parí, to àwọn ibi tí wọ́n ti lè béèrè ìwé náà lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó fẹ́ gba ìwé ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹni tó fẹ́ yá owó ìjọba, títí kan ẹni tó ń wá ìsọ̀ nínú ọjà. Òfin tuntun kò mú ìwé ẹ̀rí náà kúrò. Òfin àtijọ́ yẹn fún ilé iṣẹ́ owó orí ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fún ẹni tó bá béèrè, tí kò sì jẹ gbèsè. Ẹni tó mọ èyí kò pọ̀ lọ́jà, ni aṣojú ṣe ń tà á bí ẹni ta oògùn.

Kí wọ́n má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Akáúńtáǹtì tó jókòó ṣe ìdánwò, tó ní ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó orí tí òfin 1992 dá sílẹ̀, kò jí owó ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní ilé mẹ́fà ní Ìbàdàn, tó ní òṣìṣẹ́ ogún, tó tún ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun, kó lọ bá irú wọn, kó sì sanwó tó jọjú. Owó tí yóò bá a dáàbò bò ju èyí tó san lọ. Aláṣọ òkè ni kò yẹ kó wà nínú ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí kì í ṣe ti owó. Ní Èkó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ohun tí wọ́n ń pè ní eTax, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lọ. Màmá àgbà tí kò ní í-méèlì, ti aṣojú ni wọn yóò lò fún un. Fóònù aṣojú ni iṣẹ́ ìjẹ́ yóò máa wọlé sí, òun náà ni nọ́ńbà àṣírí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọdún bá yí po, màmá kò lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Bí aṣojú bá sì kọ irọ́ síbẹ̀ kó lè dùn mọ́ oníbàárà nínú, orúkọ màmá ni ìjọba yóò pè.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1969 kan náà tí ìbọn ń dún nílé yìí, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní VITA. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, ni ìjọba ń kọ́ ní ìṣirò owó orí, tí wọ́n sì ń bá àwọn tí owó wọn kò pọ̀ kọ fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ní òmíràn fún àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ṣì ń sanwó fún aṣojú, nítorí náà kò yanjú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó rí ibi tí yóò gbà.

Èyí kò kọjá agbára ìpínlẹ̀ kankan nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ìsìnrú ìlú tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì fi sí ibi tí wọn kò ti rí iṣẹ́ ṣe. Kí ilé iṣẹ́ owó orí tẹ fọ́ọ̀mù lédè Yorùbá. Kí wọ́n gbé tábìlì kan sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, láti oṣù kìn-ín-ní títí di ìparí oṣù kẹta. Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sókè sí etí ẹni tó ni ín kó tó tẹ ìka, kí wọ́n sì fún un ní rìsíìtì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀. Kí wọ́n wá fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ibẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ yìí.