Ọ̀rọ̀ Híjáàbù àti Ilé-ẹ̀kọ́ Tí Ìjọ Dá Sílẹ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkàwé wa ti ń bi wá léèrè ohun tí àwa tí a jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi nínú ẹgbẹ́ yìí rí sí ọ̀rọ̀ híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìjọ. A ti dákẹ́ títí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ohun tí a ń fi ìbínú sọ. Nínú agbo-ilé kan náà ni Lemọ́mù àti àlùfáà ìjọ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ wa ti fẹ́ dàbí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ibi tí òfin dé ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Èkó dá ẹjọ́ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin má ṣe fi híjáàbù kún aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba Èkó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Àbújá, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ méje ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ tiwọn: márùn-ún gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ náà, méjì kò gbà. Kò sí ilé-ẹjọ́ mìíràn lókè èyí. Ẹni tí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, nítorí adájọ́ méjì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ níta ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba ti rú òfin, ìbáà jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù.

Ojú wa sì ti rí ohun tí àìgbọràn ń bí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Òṣogbo fi àyè gba híjáàbù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé aṣọ akọrin wọ̀ lọ sí kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ Baptist ní Ìwó, àwòrán wọn sì di ohun ẹ̀rín káàkiri. Ní ọdún 2021, Ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ní Ìjàgbò, ìjà náà gba ẹ̀mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Ìjàgbò, àgbà wà lọ́jà. Nítorí aṣọ tí kò tó ọ̀pá méjì ni ẹ̀jẹ̀ fi ta sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ ìjọ Kristi pè. Kí ni a ó wí fún Ọlọ́run?

Àwọn ará wa a máa sọ pé, “Àwọn bàbá wa ni ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí.” Òtítọ́ pọ́nńbélé ni. Láti ìgbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tí CMS sì dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, òógùn àwọn Onígbàgbọ́ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ògiri wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, Ìjọba gbà wọ́n. Láti ìgbà náà, owó Ìjọba ni olùkọ́ ń gbà, owó tí Mùsùlùmí ń dá nínú rẹ̀ bí a ti ń dá a. Orúkọ tí a kọ sí ara ògiri kò san owó oṣù olùkọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a tún jẹ́wọ́ ohun tí a kì í fẹ́ sọ. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ni wọ́n sọ ní orúkọ inú Bíbélì, tí wọn kò sì padà sí ẹ̀sìn bàbá wọn mọ́. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá Ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923: wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n tí àwa jáde, àwọn ọmọ Mùsùlùmí ń bá wa kọrin ìsìn òwúrọ̀ lójoojúmọ́. Kò sí olùkọ́ tí ó bi wọ́n bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwa náà kò bi wọ́n.

Bí ó sì ṣe ti ìborí, ó yà wá lẹ́nu pé àwa ni a ń sá fún un. Àwọn ìyá wa nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù kì í wọ ilé-ìsìn láìborí, Pọ́ọ̀lù mímọ́ sì ti bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí a tó bí Ànábì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìdájọ́ ọdún 2022 tí agbẹjọ́rò kan wọ aṣọ àwọn onísìn ìbílẹ̀ wọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí ó ní ìdájọ́ híjáàbù ni ó fún òun láyè. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Òfin tí ó dáàbò bo Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọmọ babaláwo.

Ọ̀nà wà fún ìjọ tí ó bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Abala 38 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ẹlẹ́sìn lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ìsìn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni ó ń gbé e ró. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: àwọn nìkan. Ní ọdún 2001, Ìjọba Èkó dá díẹ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn Ìjọba yòókù lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é, nítorí gbígbà tí wọ́n gbà wọ́n kò fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a ní fún àwọn olórí ìjọ. Bí a bá dá ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí padà fún yín lọ́la, èló ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ ọmọ kan? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ ń dá sílẹ̀ ní àkókò yìí, owó wọn ga ju apá ìyá aláta tí ó ń sọ owó sínú àwo ọrẹ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba ni ọmọ tirẹ̀ ń lọ, níbi tí òun àti ọmọ tí ó dé híjáàbù ti jọ jókòó lórí àga kan. A ti fi ọ̀rọ̀ ìdápadà náà síwájú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa. Iye owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń dúró láti gbọ́ lẹ́nu àwọn olórí ìjọ.