Ìkòkò Mẹ́ta Tí Kì Í Jẹ́ Kí Oúnjẹ Tutù

A bá àwọn ìdílé méjì tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ láti ìgbà tí ìwé wa ti jáde kẹ́yìn yọ̀. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ náà sí, yóò sì wò wọ́n fún òbí wọn. Bí a ti sọ ọmọ lórúkọ tán tí a jókòó láti jẹun, ohun kan náà ni a bá lórí tábìlì ní ilé méjèèjì: ẹ̀rọ kékeré oníkòkò mẹ́ta tí ń fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì pa oúnjẹ mọ́ ní gbígbóná, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wọ́mà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ń bi wá léèrè bóyá ó yẹ kí á fi owó ẹgbẹ́ ra díẹ̀ fún ìnáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn ń bèèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀ ra á sí ilé ara rẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdáhùn wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí fún ẹni tí kò tíì rí i. Pẹpẹ irin pẹlẹbẹ kan ni, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń mú un gbóná láti inú, a sì ń gbé ìkòkò irin tí kì í dípẹtà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà níwájú tí a fi ń mú ooru rẹ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Àwọn kan wà tí a máa ń bu omi sí abẹ́ ìkòkò wọn, tí ó jẹ́ pé ooru omi náà ni ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn gbígbẹ ni, a kò gbọ́dọ̀ bu omi sí wọn rárá. Kí olúkúlùkù ka ìwé tí ó bá tirẹ̀ wá kí ó tó tàn án. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé, ìkòkò kan a máa gba nǹkan bíi lítà 1½ sí lítà 2½.

Ìlú tí a wà yìí gan-an ni ó jẹ́ kí nǹkan náà wúlò. Láti ọdún 1916 tí ojú irin ti so èbúté Port Harcourt mọ́ Enugu ni iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru ti ń pín ìdílé níyà nídìí àwo oúnjẹ. Àwọn ọmọ kékeré jẹun ní agogo 5, ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dé ní agogo 7, bàbá ti Onne wọlé ní agogo 9 alẹ́. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo, a óò gbé e kaná nígbà mẹ́ta. Gáàsì ń lọ, ìdí ọbẹ̀ ń jóná, ìyá ilé tí ó ti jí láti agogo 4 ìdájí ń tòògbé nídìí sítóòfù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ọbẹ̀ yìí mà tutù." "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà lẹ pẹ́ kí ẹ tó dé." A kò sọ pé ẹ̀rọ kan lè tún ilé ẹni ṣe, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá lè sùn ní agogo 8 kí ọkọ rẹ̀ sì bá oúnjẹ gbígbóná lórí tábìlì ní agogo 9, ó ti rí ìsinmi wákàtí kan tí kò sí ẹni tí yóò fún un tẹ́lẹ̀.

Àwọn ìyá wa nílé náà kò ṣàìmọ ọgbọ́n yìí. Wọn a máa gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀, wọn a tún gbé e kaná lálẹ́, títí yóò fi hó, kí ó má baà kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí híhó náà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé bí wọ́n bá ti ra ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe sítóòfù. Ohun tí ó bá gbóná ni ó ń pa mọ́ ní gbígbóná. Kò lè se ohun tútù, kò sì lè mú ọbẹ̀ tí ó ti inú fíríìjì jáde gbóná kíákíá. Nínú ìlànà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ tí kò ní ṣe ni ní ibi, wọ́n ní oúnjẹ sísè tí ń dúró de ẹni tí yóò jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ. Láàrin ìwọ̀n 5 sí 60 ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Ẹni tí ó bá da ọbẹ̀ tútù sínú ìkòkò yìí ní agogo 4 kí ó lè gbóná ní agogo 7, ó ti fi ọ̀pọ̀ àkókò tọ́jú kòkòrò nínú ilé ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí á tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí oúnjẹ tó wọ inú rẹ̀. Kí ọbẹ̀ hó dáadáa lórí gáàsì, kí á dà á sínú ìkòkò lójú ẹsẹ̀, kí á sì dé e pa. Tẹmómítà kékeré kan wà tí a fi ń wọn ooru oúnjẹ. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a, kí ó ra á. Ẹni tí kò bá ní i, kí ó máa kíyè sí i bóyá ọbẹ̀ náà ṣì ń rú èéfín bí a bá ṣí i, tí ènìyàn sì ní láti fẹ́ ẹ kí ó tó lè fi sí ẹnu. Òṣùwọ̀n aláìpé ni èyí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí á fi ọwọ́ kan ara ìkòkò lásán lọ, nítorí ara ìkòkò lè gbóná kí àárín ọbẹ̀ má gbóná.

A mọ ilé kan ní ìlú yìí, a kì yóò dárúkọ wọn, tí wọ́n gba àlejò ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọbẹ̀ adìyẹ ti jinná láti ìdájí. Nígbà tí wọn yóò fi dà á sínú ẹ̀rọ ní agogo 10, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná lọ ní agogo 11, kò dé títí di agogo 3. Bí iná ti dé, ìkòkò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, èéfín ń jáde lábẹ́ ìdérí, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí síbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àgbà méjì àti ọmọdé mẹ́ta ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì lo ọjọ́ méjì ní ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ti dá ṣáṣá, a dúpẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní ọkàn búburú níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin yẹn ni kò sí ẹni tí ó kà.

Bí iná bá lọ, kí á kọ́kọ́ fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ kúrò lára ògiri, nítorí iná tí ó bá fi agbára dé lè bà á jẹ́. Kí á má ṣe ṣí ìdérí wò lemọ́lemọ́. Kí á sì kọ agogo tí iná lọ sílẹ̀ lórí ìwé pélébé, bí a ti ń kọ àkókò tí ọkọ̀ ojú irin dé àti ìgbà tí ó lọ. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orí lásán yóò ní "iná ò tíì pẹ́ tí ó lọ" nígbà tí ó ti tó wákàtí mẹ́ta. Bí iná bá dé kí wákàtí 2 tó pé, kí á da oúnjẹ náà padà sí orí gáàsì, kí ó hó, kí á tó dá a padà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí á dà á nù. Ó dunni láti da ọbẹ̀ ẹran nù ní ayé ọ̀wọ́n yìí, àwa náà mọ̀.

Ní ti ìrẹsì, ẹ kíyè sára jù. Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Bacillus cereus tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì sísè bá jókòó ní ìlọ́wọ́ọ́rọ́, irúgbìn náà a yọ, a sì máa tú oró sínú ìrẹsì, oró náà kò sì ní lọ bí a tilẹ̀ tún ìrẹsì náà sè. Ìrẹsì gbígbóná tí a dà sínú ẹ̀rọ tí ó ti gbóná kò ní ewu yìí. Ó kàn máa ń gbẹ létí ni, tí a bá wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i tí a sì rò ó, yóò rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ wa ni ó fẹ́ràn ìkòkò yìí. Ọbẹ̀ ata bá a mu jù lọ. Mọ́ínmọ́ín eléwé dúró dáadáa nínú rẹ̀. Gbẹ̀gìrì a máa ki, a óò máa fi omi gbígbóná là á. Ṣùgbọ́n ewédú! Ewédú tí ó bá pẹ́ lórí ooru a ṣá ní àwọ̀, yíyọ̀ rẹ̀ a sì lọ. Kí á fi sínú ìkòkò ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ bá ti ń wẹ ọwọ́. Ẹ̀fọ́ rírò náà a máa dúdú. Ìṣáwùrú tí àwọn ará ibí kọ́ wa láti máa fi sí ọbẹ̀ a máa le bí rọ́bà. Àmàlà àti ẹ̀bà kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ rárá: ara wọn a gbẹ, a sì sé èèpo. Ẹ pọ́n wọn, ẹ kó wọn sínú kúlà, ẹ dé e.

Ìdérí kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gbé Port Harcourt láti ìparí ọdún 2016 kò nílò kí á sọ fún un ohun tí èéfín dúdú ń ṣe sí aṣọ tí a sá síta, ká má tíì sọ ti oúnjẹ ṣíṣí sílẹ̀ nítòsí fèrèsé.

Iná tí ó ń jẹ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré wọ̀nyí ń gba nǹkan bíi 200 sí 300 watts, nígbà tí áyọ́ọ̀nù a máa gba 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó ń gba 300, bí a bá tàn án fún wákàtí 4, kò lè jẹ ju yúnìtì 1.2 lọ lórí mítà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, ṣùgbọ́n nítorí ọbẹ̀ gbígbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹnu fèrèsé; èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé sójú oorun. Bí a bá ń fọ ẹ̀rọ náà, ìkòkò àti ìdérí nìkan ni yóò wọ inú omi. Pẹpẹ abẹ́ rẹ̀, aṣọ tí a fi omi rin díẹ̀ ni kí á fi nù ún nígbà tí ó bá ti tutù. Kí ó sì jìnnà sí ọwọ́ ọmọ tí ń rá.

Nísinsìnyí, ìbéèrè yín. Ilé tí ó bá ń rí iná ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ra á, wọn yóò jẹ èrè rẹ̀. Àdúgbò tí iná ń dé ní ìgbà tí ó bá wù ú, ojúlówó kúlà tí a kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣàn kí oúnjẹ tó wọ inú rẹ̀ ni kí wọ́n wá. Ní ti owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Ìkòkò lítà 2½ tí ó kún fún ìrẹsì kò lè bọ́ ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, bí a bá bù ú bí àwọn ènìyàn wa ti ń bù ú. Ìsọmọlórúkọ tí ènìyàn 80 wá sí yóò gba ìkòkò mẹ́wàá fún ìrẹsì nìkan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ìpàdé àwọn ìyá, kúlà ńlá méjì àti tẹmómítà kan ni àwa yóò dìbò fún.