Èyí Tó Bá Já Bọ́, Ẹ Ṣà Á Jẹ

Ní ìlú Homestead, ní gúúsù Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Fruit & Spice Park. Ọdún 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó éékà 37, oríṣi igi eléso, ewébẹ̀ àti èròjà ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 500. Àmọ́ kì í ṣe iye igi ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, òfin ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá sanwó wọlé kò gbọdọ̀ ká èso kankan lórí igi. Èyí tó bá ti já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó ṣà á jẹ. Lójú tèmi, òfin kékeré yìí ló sọ ibẹ̀ di ọgbà èso ní tòótọ́. Ìjọba tó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ wa, òfin yìí ni kó kọ́kọ́ mú kó tó wá irúgbìn lọ.

Ojú ni a fi ń wo òdòdó. Ẹnu ni a fi ń mọ èso. Ẹ mú agbáyun, èso pupa kékeré tó jẹ́ ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí gan-an. Ẹ lè kọ ọ́ sára pátákó pé ẹni tó bá lá a, ọsàn wẹ́wẹ́ á dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ iléèwé á kà á, á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ agbáyun kan péré, kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, igi náà ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Atare ńkọ́, tí a máa ń gbé kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ? Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ìbátan ata ilẹ̀ ni, àti pé nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ló ti ń so?

Àwọn kan á ní àwọn èèyàn wa á ká gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìbẹ̀rù náà nídìí, ìdí sì nìyẹn tí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní odi yíká, ẹnubodè àti òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lásìkò (èyí tó kẹ́yìn yìí ni iṣẹ́ gidi). Ṣùgbọ́n ṣíṣà kì í ṣe àjèjì sí wa. Agbálùmọ̀ tó bá pọ́n dáadáa, fúnra rẹ̀ ló ń já bọ́, ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣà á. Èyí tí wọ́n bá fi ọ̀pá já láìtọ́jọ́, kíkan ló ń kan, oje rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ni létè.

Àtakò tó wúwo jù ni ti májèlé, torí iṣin kò bá òfin Homestead lọ. Iṣin tó já bọ́ láìlà kì í ṣe ohun jíjẹ. Orí igi ló gbọ́dọ̀ ti la ẹnu fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ tó funfun nìkan ni a sì ń jẹ, kì í ṣe kóró dúdú rẹ̀. Ní 1998, ọmọ kéékèèké 29 kú ní Burkina Faso, iṣin tí kò tíì là sì ni àwọn oníwádìí tọ́ka sí. Ṣé ká má gbìn ín sínú ọgbà ni? Ẹ̀yìnkùlé àti oko ló ṣì máa wà, níbi tí kò sí ẹni tó máa sọ fún ọmọdé. Ó sàn kó pàdé rẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ kan dúró sí, tí yóò fi èyí tó là àti èyí tí kò là hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti owó náà kò ní ṣàìjẹyọ. Ìjì Andrew ba ọgbà Homestead jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, wọ́n sì tún igi gbìn. Àwa kò ní irú ìjì bẹ́ẹ̀ tí yóò kó ìnáwó àtúngbìn bá wa. Láti 1975 ni NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ewébẹ̀, ti wà n'Ìbàdàn. Nítorí náà, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́ igi eléso kò wọ́n wa. Ohun tí mò ń béèrè ni ilẹ̀ kan tí ará ìlú lè wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣa èso. Bí wọ́n bá sì ń wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ àdúgbò tí NIHORT wà ni Ìdí-Iṣin.